Òtúrúpọ̀n Méjì: ọ̀já fún ìyá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù

 

Odù tí mo fẹ́ kí a jókòó tì lónìí ni Òtúrúpọ̀n Méjì, ìkejìlá nínú ojú odù mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé bó bá ti hù lójú ọpọ́n, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í jìnnà. Àwọn awo fẹ́ràn láti máa fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Wọ́n á fa ìparí rẹ̀ gùn, "pọ̀n", wọ́n á ní, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó ń wí ni, ọmọ pípọ̀n ló ń wí.

Nígbà tí a bá ń ṣàlàyé odù yìí, ẹ̀yìn ìyá la máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá. A ó yin ẹ̀yìn ìyá títí, a ó gbàdúrà kí ẹ̀yìn má gbófo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè ìbéèrè kékeré kan: kí ló ń mú ọmọ dúró lẹ́yìn ìyá? Ẹ lọ gbé ọmọ oṣù mẹ́rin sẹ́yìn obìnrin tó lágbára jù lọ ní ọjà Alábà, kí ẹ má fún un ní ọ̀já, kí ẹ wá dúró wò ó. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kó lè fi di ìdí ọmọ mú. Kò ní lè nawọ́ mú ọjà fún oníbàárà, kò ní lè ka owó, kò ní lè nu òógùn ojú ara rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀yìn ló ń gbé ọmọ, àmọ́ ọ̀já ló ń dá ọwọ́ ìyá padà fún un. N kò sì tíì gbọ́ ọ rí, láti ìgbà tí mo ti dáyé, kí ẹnì kan dúró lójú títì kó máa bú ìyá ọlọ́mọ pé ọ̀lẹ ni, pé kí ló dé tó fi ń lo ọ̀já.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Níbi tí mo ń gbé yìí, láàárín Ìbà àti Okokomaiko, àwọn tó ń wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi ti yàtọ̀ sí àwọn tí bàbá mi máa ń dá Ifá fún. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ti pọ̀ nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní LASU, àwọn kaṣíà bánkì, àwọn tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ láti Ìyànà Ìbà lọ sí Erékùṣù Èkó. Sátidé ni wọ́n sábà máa ń wá, torí ọjọ́ mìíràn kò sí àyè. Ohun tí wọ́n ń bi Ifá sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ kí wọ́n tó lanu. "Bàbá, ẹ bá mi wò ó, ó jọ pé wọ́n ń bá ọmọ mi jà." "Bàbá, ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì wa tí kò fẹ́ kí n gòkè." "Bàbá, ó ń rẹ̀ mí, kò sì sí àìsàn tí dókítà rí."

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn wá. Mo ti yí àwọn ohun tó lè jẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ padà. Ọmọ rẹ̀ kejì kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọ náà ń ya ìgbẹ́ gbuuru lónìí, ó ń wúkọ́ lọ́la, omi inú ìgò ló sì ń mu jù. Ìyá fúnra rẹ̀, tó bá di ọ̀sán, ọmú á ti le gbagidi lábẹ́ aṣọ, á lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì lọ fún un dànù síbi ìfọwọ́. Ó ní bí òun bá ti ń fún un dànù ni omijé máa ń bọ́ lójú òun. Ó ní kí n bi Ifá ẹni tó ń ṣe òun.

Òtúrúpọ̀n ló jáde. Mo fi ìbò béèrè bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ifá ní kò sí. Mo tún un bi, torí bí mo bá sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń ṣe é, kò ní gbà mí gbọ́ àfi tó bá rí i pé mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ifá tún ní kò sí. Ni mo bá gbójú sókè, mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oṣù mélòó ni ìjọba fún yín fún ìsinmi ìbímọ?"

Ó ní oṣù mẹ́fà.

"Oṣù mélòó lẹ lò?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní mẹ́ta. Ó ní ìgbéga ń bọ̀, wọ́n á ní òun ń fi ọmọ ṣàwáwí. Ó ní ọ̀gá àwọn, tó jẹ́ obìnrin bíi tòun, máa ń sọ pé nígbà tòun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun lò, òun ò kú. Ẹ gbọ́ ná: kò sí ẹni tó lé e padà sẹ́nu iṣẹ́ o. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ọ̀já kúrò lára, tó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tó wá ń bi Ifá ìdí tí ọwọ́ òun kò fi tó nǹkan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2014, nígbà ìṣàkóso Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí i pé kí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ máa gba oṣù mẹ́fà fún ìbí kìíní àti ìkejì, kí bàbá ọmọ náà sì máa gba ọjọ́ 10. Oṣù mẹ́fà yẹn kò ṣàdédé wá. Iye àkókò tí àjọ ìlera àgbáyé ní kí ọmọ fi mu ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí ẹ̀kọ, nìyẹn. Ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀sẹ̀ 16 ni, ìwé òfin iṣẹ́ wọn sì tún ní kí ìyá tó bá ń fọ́mọ lọ́mú máa rí wákàtí méjì gbà kúrò nínú àsìkò iṣẹ́ lójúmọ́, fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni ńkọ́? Òfin iṣẹ́ tó ti wà láti ìgbà àwọn ológun ní àwọn ọdún 1970, abala 54, sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ ìṣòwò tàbí ti oko, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó oṣù rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tó wà nílé ìbímọ. Bó bá sì padà, tó ń fọ́mọ lọ́mú, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Okokomaiko tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Marina á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ìdajì wákàtí kẹ̀! Ká ní ọmọ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò ní Okokomaiko, kí ìyá tó jáde ní géètì ọ́fíìsì, kó tó dé ibùdókọ̀, ìdajì wákàtí á ti tán. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ láti Marina dé Mile 2 ló dúró sí. Okokomaiko ni wọ́n là á kalẹ̀ pé yóò parí sí, kò sì tíì débẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti Mile 2 wá sílé, dáńfó ni, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Trade Fair àti Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀.

Nítorí náà, òfin fi ọ̀já lé wa lọ́wọ́, ọ̀já náà sì kúrú. Kí la máa ń ṣe sí ọ̀já tó bá kúrú? A máa ń so ó mọ́ òmíràn ni. Mo mọ obìnrin kan tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun da ìdajì wákàtí méjèèjì pọ̀, kí òun máa fi wákàtí kan ṣáájú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun jáde, kí òun tó wọ inú súnkẹrẹ. Ọ̀gá gbà. Òmíràn ní kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ibẹ̀ ló ti ń fún ọmú sínú ike, ó ń gbé e sínú fìríìjì tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí, ó ń gbé e lọ sílé nírọ̀lẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu nínú méjèèjì. Ẹnu ni wọ́n fi béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́.

Kí ló wá dé tí obìnrin tó gbọ́n, tó kàwé, tó lè bá oníbàárà bánkì jà nítorí náírà mẹ́wàá, kì í fi béèrè ohun tí òfin fún un? Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n lò ó díẹ̀ níbí.

Láyé àtijọ́, ibi iṣẹ́ ìyá àti ibi tí ọmọ wà kò yàtọ̀ síra. Ẹ wo àwọn aláró ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Ìyá ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lórí ẹní lábẹ́ igi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń bá a ṣeré, ìyáálé ń wò ó. Ẹ wo ọjà. Títí di òní, ẹ lọ sí ọjà Ìyànà Ìbà, ẹ máa rí ọmọ tó ń sùn sínú páálí lábẹ́ tábìlì tòmátì, tí ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì ń lé eṣinṣin fún. Kò sí ẹni tó ń bi ìyá yẹn bóyá iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe tàbí ọmọ ló fẹ́ tọ́. Ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọ́fíìsì dé ni nǹkan yí padà. Tábìlì, àga, aago ara ògiri, géètì, mẹ́gáàdì. Ọkùnrin ni wọ́n ro ọ́fíìsì yẹn fún, ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé tó ń bá a tọ́mọ. Nígbà tí àwọn obìnrin wa kàwé, tí wọ́n wá wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní kí wọ́n máa wọlé bọ̀, àmọ́ kí wọ́n tú ọ̀já sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ọmọ á wà. Látìgbà náà ni ìyá ti ń rò pé àléébù òun ni bí ọwọ́ òun kò bá tó méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ́ ilé náà ni kò ro tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń pe oṣù mẹ́fà yẹn ní àánú. Díẹ̀ ni wọ́n ń san padà nínú ohun tí wọ́n gbà.

A máa ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni, àmọ́ níbo ni igba èèyàn wà ní Okokomaiko? Nínú ilé olójúlé mẹ́wàá tí mo ń sọ yìí, gbogbo ilẹ̀kùn ló ní àgádágodo láti aago márùn-ún ìdájí. Ìyá-ìyá wà lóko tàbí kó ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Àbúrò ọkọ ń kọ́ṣẹ́. Igba èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́! Bí igba èèyàn bá wá wà níbi iṣẹ́, ṣé kò yẹ kí ìrànlọ́wọ́ ọmọ náà wá láti ibi iṣẹ́? Ní Íńdíà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè ní kíréèṣì, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìyá máa lọ wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan. Gbogbo èèyàn ló mọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pé ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí tí Aláké Adémọ́lá fi gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí ni pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Wọn ò pè é ní ilé ìkọ́mọ-ní-ABD. Jẹ́-kí-ilé-ó-sinmi ni wọ́n pè é. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti wo ojú ìyá kan dáadáa kó tó sọ ọ́.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ Ifá. Àwọn kan á sọ pé, Bàbá, ọ̀rọ̀ òyìnbó lẹ̀ ń sọ, ibo ni Ifá ti sọ̀rọ̀ kíréèṣì? Ẹ jẹ́ ká kọjá sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́túúrá.

Àwọn àgbà kọ́ wa pé nígbà tí Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá tún ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin inú wọn. Wọ́n dé ayé, wọ́n pín iṣẹ́, wọ́n ya igbó sọ́tọ̀ fún oríṣiríṣi awo, wọ́n ń ṣèpàdé. Wọn ò ké sí Ọ̀ṣun. Wọ́n rò pé wọ́n lè ṣe é láìsí i. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló ń bàjẹ́. Òjò kọ̀, àìsàn pọ̀, ẹbọ kò dà. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, Olódùmarè bi wọ́n léèrè ẹni tó jẹ́ ìkẹtàdínlógún wọn, ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá tẹjú mọ́ nìyí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ọ̀ṣun kò sọ pé "kò burú, mo ti gbàgbé." Oyún wà nínú rẹ̀ lásìkò náà. Ó gbé ohun tó fẹ́ kalẹ̀: bí ọmọ tí òun máa bí bá jẹ́ ọkùnrin, yóò máa bá wọn lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ń lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé àṣẹ sí ikùn rẹ̀, ó bí ọkùnrin. Ọmọ yẹn ni Ọ̀ṣẹ́túúrá, òun náà ló wá di ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run títí di òní. (Àwọn obìnrin kan ti bi mí rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n gbà wọlé. Ìbéèrè gidi ni, a ó sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.)

Ẹ wò ó dáadáa. Aboyún ni wọ́n lọ bá. Ohun tó béèrè ni pé kí ọmọ òun ní àyè níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé. Ẹ ò rí i pé ibi iṣẹ́ ló jàǹfààní jù? Ọ̀gá tó bá rò pé òun ń ṣe obìnrin lóore bó bá fún un ní àsìkò fọ́mọ lọ́mú, kó lọ bi àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn bí nǹkan ṣe rí fún wọn kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Ifá ní kó rú ẹbọ, ó sì rú u. Èmi sì ní kó kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó béèrè ọ̀sẹ̀ tó kù, bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kó béèrè àsìkò ìfọ́mọlọ́mú. Ó kọ ọ́, ó gbé e wá kí n kà á kó tó fi ránṣẹ́. Ìlàjì lẹ́tà náà ló fi ń tọrọ àforíjì. Ẹ dákun ẹ má bínú, mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín, ẹ fojú àánú wò mí. Mo ní kó yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọjọ́ tó bímọ, ọjọ́ tó padà, iye oṣù tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti ohun tó ń béèrè. Ìlà mẹ́fà ló kù. Ó wo ìlà mẹ́fà yẹn títí, ó ní, "Bàbá, ó gbẹ jù." Mo ní lẹ́tà Ọ̀ṣun náà gbẹ. Wọ́n ti dá a lóhùn, wọ́n fún un ní wákàtí méjì lójúmọ́. Wọn ò fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kù. Ọmọ náà ṣì ń wúkọ́ nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ń wúkọ́, àmọ́ ìyá ti dẹ́kun wíwá ẹni tó ń ṣe é kiri.

Ọ̀rọ̀ kíréèṣì fúnra rẹ̀ gba ìkìlọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní ìrànlọ́wọ́ kọ́ ló ń ranni lọ́wọ́. Nígbà tí Ifá bá fọ ire, a ṣì ń fi ìbò béèrè irú ire tó jẹ́ àti ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí kíréèṣì ibi iṣẹ́ yín àti èyí tó wà ládùúgbò. Ẹ ka iye ọmọ, ẹ ka iye àgbàlagbà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò. Ẹ wo bóyá ọmọ tó ń rá lè dé ibi iná tàbí ibi kànga. Ẹ máa dé lọ́jọ́ tí wọn ò retí yín. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti dé ni ọmọ ń sùn fọnfọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fún un mu, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Tó bá kọjá àyẹ̀wò yìí, ẹ fi ọmọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ìyá ọkọ tó bá ní irú ìyá wo lèyí, ẹ bá mi bi í bóyá ó ṣetán láti kó wá sí Okokomaiko.

Àwọn tí ọkàn mi ń bàjẹ́ fún jù ni àwọn tíṣà ilé-ìwé aládàáni, tó kún àdúgbò wa láti Ajangbádì dé Ìyànà Ẹ̀rà. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń tọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òfin tí mo kà lókè yìí kò sì dárúkọ ilé-ìwé. Ibòmíràn, bí oyún bá ti yọ, iṣẹ́ ti bọ́. Ọ̀kan nínú wọn kò lè dá dúró béèrè. Àmọ́ bí tíṣà márùn-ún bá jọ lọ bá ìyá tó ni ilé-ìwé, tí wọ́n ní kó yọ̀ǹda yàrá kan, kí àwọn jọ máa dá owó díẹ̀ fún àgbàlagbà kan tí yóò máa wo ọmọ wọn, ó ṣòro kó lé àwọn márààrún lọ́jọ́ kan náà. Bí a ṣe ń dá àjọ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ò ní bọ́ nínú èyí. Ọjọ́ 10 tí ìpínlẹ̀ Èkó fún yín, ọjọ́ iṣẹ́ 14 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2021 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, kí lẹ ń fi í ṣe? Mo mọ ọkùnrin tó gba tirẹ̀ tán tó fi wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣe ìkómọ, ó jó, ó náwó, láti ọjọ́ kejì ló ti wà níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù títí ọjọ́ fi pé. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ ọmọ pẹ̀lú ojú egbò. Ifá kò ní kí ọkùnrin fọ́mọ lọ́mú. Àmọ́ omi gbígbóná, aṣọ fífọ̀, gbígbé ọmọ lóru kí ìyá lè fi wákàtí mẹ́ta sùn, èwo ló ju agbára ọkùnrin lọ níbẹ̀? Kí ọkùnrin tó gba ìsinmi ọmọ tó fi ṣe fàájì mọ̀ pé ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ òun ló jẹ.

N ò sọ pé gbogbo obìnrin gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà o. Orí yàtọ̀. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kẹjọ ló dùn mọ́ orí rẹ̀, tó ní ìyá rẹ̀ nílé, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kó padà. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Kó bi orí rẹ̀, kó ṣírò owó ilé dáadáa, kó ṣe é. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé kí ìbẹ̀rù ẹnu èèyàn yan ọ̀nà fún un. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kò sí ìkankan nínú wọn tó máa bá a gbé ọmọ lọ́wọ́ ní aago méjì òru.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bi Ifá fún òun lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo máa ń wà nílé láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Kó gbé ọmọ dání bó bá wù ú, ẹní wà nílẹ̀. Kó mú obì wá bí a ti ń ṣe, kó sì mú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ àti ìwé òfin ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dání bó bá ní. Ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ kà kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀.